Tómi, ẹ bá mi yọ fọ́tò mi kúrò lórí pósítà yẹn

Tómi ọmọ ìyá mi,

Báwo ni nǹkan? Màmá ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́, Dádì ńkọ́? Gbogbo voice note tí o fi ránṣẹ́ ni mo gbọ́, títí dé èyí tí o ti ń pariwo yẹn, má rò pé mò ń sá fún ẹ. Ṣíìfù alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí mo bá délé láàárọ̀ ẹnu mi ò gbé ọ̀rọ̀ mọ́, ìgbà tí mo bá sì fi máa jí ìwọ náà ti wà ní ìpàdé akọrin. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ torí tí mo bá pè ẹ́ a máa jà ni.

Ọ̀rọ̀ owó ná. Mo ti fi 60,000 náírà sínú àkáǹtì ẹ fún ètò àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kì í ṣe 150,000 tí ẹ kọ síwájú orúkọ mi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ 150,000, ẹ̀yin lẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀ tẹ́ ẹ ní "Sister Bọ́lá wà ní London, wọ́n á ṣe é." Tómi, mi ò gbé ní London. Newcastle ni mo wà, ibi tí mo wà sí London jìn ju Àkúrẹ́ sí Èkó lọ, mo ti sọ ọ́ títí ó ti sú mi. Ẹ má retí èyí tó kù lóṣù yìí. Rẹ́ǹtì wà níbẹ̀, owó físà tí mo fẹ́ tún ṣe wà níbẹ̀, wọ́n á tún gba owó ìlera mọ́ ọn, 1,035 pọ́ùn fún ọdún kan, ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà sì ni wọ́n ń gbà á o, bóyá o ṣàìsàn bóyá o ò ṣàìsàn. Ìwọ lo mọ ìṣirò, ṣí i sí náírà kí o wá sọ fún mi bóyá ahun ni mí.

Ara mi le o. Kí Màmá má bàa máa dààmú, ara mi le.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an ni pósítà yẹn. Ta ló ní kẹ́ ẹ lo fọ́tò mi? Mo kàn ṣí WhatsApp ni mo rí ara mi lórí status èèyàn tí mi ò tiẹ̀ mọ̀, "AYỌ̀ NÍNÚ ÌPỌ́NJÚ", èmi rèé nínú kóòtù òtútù, mò ń rẹ́rìn-ín, ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Wá gbọ́ bí Ọlọ́run ṣe ṣílẹ̀kùn físà fún un." Kóòtù yẹn gan-an kì í ṣe tèmi, ti ọmọbìnrin tá a jọ ń gbé ni. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹ ti mú ọjọ́, ẹ ti mú aago, ẹ ti ní màá wọlé lórí Zoom, ẹ ò sì béèrè bóyá mo níṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ká ní mi ò níṣẹ́ pàápàá, mi ò ní sọ̀rọ̀ físà fáwọn ọmọ yẹn. Ilẹ̀ Dádì ní Ọba-Ilé la tà. O mọ̀, mo mọ̀, gbogbo ilé mọ̀. Mi ò sọ pé kì í ṣe Ọlọ́run ló ṣe é o, má lọ ròyìn mi fún pásítọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ tí bàbá ẹ̀ ò ní ilẹ̀ tí wọ́n lè tà, kí ni kí n sọ fún un? Pé kó fi ọjọ́ mẹ́ta kún ààwẹ̀ ẹ̀? Á gbààwẹ̀ náà, kò ní rí físà, á wá rò pé Ọlọ́run mọ orúkọ mi ju tòun lọ. Mi ò sì gbàgbé ilẹ̀ yẹn o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo gbàgbé, mò ń tọ́jú nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣé Dádì ń dárúkọ ẹ̀? Tí mo bá pè wọ́n báyìí, wọ́n á ní "ṣé dáadáa ni", wọ́n á gbé fóònù fún Màmá.

Ìwọ náà lo sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ń dínkù, pé táwọn tó kù bá ti gbọ́ "ẹ̀rí" wọ́n á tẹ orí mọ́ fóònù. Ṣé ó yà ẹ́ lẹ́nu ni? Ọmọ tó ń ṣe POS ní Roadblock yẹn, tó ṣe JAMB títí tó ti sú u, ta ló ti jókòó tì í kó bi í pé báwo lọ̀rọ̀ ṣe rí lára ẹ? Èyí tó jáde FUTA tó ń gun ọ̀kadà tó ń fi kápù bojú kí ẹnì kankan má dá a mọ̀ lọ́jà Ọba, ṣé ẹ mọ ilé ẹ̀? Èmi mọ̀ ọ́n o, èmi tí mo wà níbí.

Tó bá jẹ́ pé àkòrí yẹn lẹ fẹ́ lò lóòótọ́, ẹ ṣí Fílípì. Gbogbo wa la mọ 4:13, ó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó wà lára páálí ìwé àwọn tó fẹ́ ṣe WAEC, pé èèyàn lè ṣe ohun gbogbo nínú Kristi. Kò sẹ́ni tó ń ka ẹsẹ 11 àti 12 tó wà lókè ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà tó ti kọ ọ́, ó ní òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń yó, òun sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń febi sùn, pé èyíkéyìí tó bá dé òun á dúró. Níbo ló ti sọ̀rọ̀ ká yege ìdánwò níbẹ̀? Ebi lọ́kùnrin yẹn ń sọ. Ó sì ní kíkọ́ lòun kọ́ ọ, èyí fi hàn pé nígbà kan kò mọ̀ ọ́n, ó ti jẹ́ kí n ní sùúrù fún ara mi, jẹ́ kó ṣe é fún àwọn ọmọ yẹn náà.

Lẹ́tà yẹn látòkèdélẹ̀, owó wà nínú ẹ̀. Àwọn ará Fílípì kówó jọ, wọ́n gbé e lé Ẹpafíródítù lọ́wọ́ pé kó bá àwọn gbé e fún Pọ́ọ̀lù, Pọ́ọ̀lù wá ń dúpẹ́. Ẹpafíródítù débẹ̀, àìsàn gbé e ṣánlẹ̀, ó kù díẹ̀ kó kú. Ohun tó wá ń ba ọkàn ẹ̀ jẹ́ kì í ṣe àìsàn náà o, pé àwọn ará ilé ti gbọ́ pé òun ń ṣàìsàn ni. Orí 2 ni, bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 25. Mo kà á nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo pa Bíbélì dé, mo wo ìta. Mo mọ ọkùnrin yẹn. Ìdí tẹ́ ẹ ò fi gbúròó mi ní oṣù kejì nìyẹn, mi ò fẹ́ kí Màmá gbọ́. Àìsàn ọ̀hún ti lọ, mo ti ní ara mi le, ẹ má wulẹ̀ pè mí lórí ìyẹn, ẹ má sì kà ibí yìí sí wọn létí.

Ìlú Fílípì yẹn náà ni wọ́n ti na Pọ́ọ̀lù àti Sílà. Ẹ̀yin èèyàn wa fẹ́ràn ibẹ̀, orin ọ̀gànjọ́ òru, ilẹ̀ mì tìtì, ilẹ̀kùn ṣí, a ti jó o títí bàtà ti já. Ṣùgbọ́n wọ́n ti nà wọ́n ná o! Ẹgbò wà lẹ́yìn wọn bí wọ́n ṣe ń kọrin yẹn, orin náà ò sì wo ẹgbò yẹn sàn. Onítúbú ló padà wẹ ojú ọgbẹ́ wọn, tó gbé wọn lọ sílé ẹ̀, tó gbé oúnjẹ síwájú wọn. Ìṣe 16, ó wà lápá ìparí. Orin ń bẹ níjọ wa, orin pọ̀ rẹpẹtẹ, èmi náà mọ ohùn tí mo ti sọ nù síbẹ̀. Ta ló ń wẹ ọgbẹ́?

O rántí ti Ọ̀wọ̀. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, mo ṣì wà nílé nígbà yẹn, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Màmá ń yí àmàlà lọ́wọ́, ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́tùn-ún lósì pé wọ́n ti yìnbọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis, wọ́n ju bọ́ǹbù. Ogójì èèyàn ni ìjọba ní ó kú, ọmọdé wà nínú wọn. Ọ̀wọ̀ tá a máa ń lọ tá a máa ń bọ̀ lọ́jọ́ kan náà! Sunday tó tẹ̀lé e wọ́n ní ká dìde ká jó. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn akọrin, tí ìyá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, kò mira, ó kàn di bẹ́ńṣì iwájú mú, ni àgbàlagbà kan bá nàka sí i pé kó máa yọ̀ nínú Olúwa. O wà níbẹ̀. Ọmọ yẹn ò wá mọ́ láti ìgbà náà. Ṣé ẹ mọ ibi tó wà báyìí? Ṣé ẹnì kankan lọ?

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un lónìí náà. Sáàmù 88 ni ǹ bá kà fún un, kí n sì dákẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, inú òkùnkùn ló parí ẹ̀ sí, kò sí halelúyà kankan nísàlẹ̀ ẹ̀, Ọlọ́run sì jẹ́ kó wà nínú Bíbélì bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fi lè kà á sókè níbi ètò yín, kí olùdarí má sáré gbé orin dídùn lé e lórí jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó ni àwọn èèyàn lára fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ayọ̀ wá ńkọ́? O bi mí nínú voice note pé ṣé èmi náà ń láyọ̀ níbí ni. Èmi á fi ìbéèrè dá ẹ lóhùn. Lọ́dún 2022 yẹn náà, tí ASUU ti ń daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹwàá, tí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ wà nílé láìṣe nǹkan kan, kí lẹ̀ ń ṣe lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ ń kọ́ fèrè lọ́dọ̀ bàbá kan, fèrè kan ṣoṣo, ẹ ń gbà á lẹ́nu ara yín, kò sí ẹni tó lè fun ún dáadáa nínú yín, tó bá dọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ẹ ó kó owó jọ ra gàrí àti ẹ̀pà, ẹ ó máa fi ara yín ṣẹ̀sín, ẹ ó gbàdúrà fún ẹni tí ìyá ẹ̀ wà ní ọsibítù, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo máa ń gbọ́ yín láti títì. Mo máa ń bínú pé ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò. Kò sí físà nínú ẹ̀, kò sí owó nínú ẹ̀, iléèwé pàápàá ò sí. Tó o bá fẹ́ mọ̀, ohun tí mò ń wá ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ níbí nìyẹn, mi ò tíì rí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń fún wa ní tíì, gbogbo wa á sì máa sáré bá bọ́ọ̀sì. Ìwọ lo ní ẹ̀rí tó bá pósítà yẹn mu. Kí ló dé tí kì í ṣe ojú tìẹ ló wà lórí ẹ̀?

Tí wọ́n bá sì fi dandan lé e pé àwọn fẹ́ gbọ́ nípa ẹni ńlá, ẹ sọ ti Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ CAC. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n lọ́dún 1928, iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe, ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà ni wọ́n ń wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ níbẹ̀, nítòsí Ìkejì-Arákejì, ìgbà tí wọ́n gbọ́ ìpè Ọlọ́run wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n fi owó oṣù sílẹ̀. Lọ́dún 1932 wọ́n tún rẹ́wọ̀n he, oṣù mẹ́fà ní Bìní. Ẹ̀rí ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ tó tún wọ ẹ̀wọ̀n rèé o, ẹ lọ gbé ìyẹn sórí pósítà ká wo iye ẹni tó máa pariwo àmín. (Mi ò ní kí ìwọ fi nǹkan kan sílẹ̀ o. Parí iléèwé ẹ.)

Iléèwé yẹn gan-an, ṣé o ti fi orúkọ sílẹ̀ fún owó NELFUND tí mo ní kí o ṣe? Ẹ̀yáwó ìjọba tí kò ní èlé ni, iléèwé ni wọ́n ń san owó náà fún tààrà, wọ́n tún ń fún ọmọ iléèwé ní 20,000 lóṣù fún oúnjẹ. O ní ò ń dúró de èmi. O ń dúró de èmi láti ìgbà wo? Ṣe é lọ́sẹ̀ yìí kí o fi ẹ̀rí ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ san, màá ṣì ṣe èyí tí agbára mi bá gbé, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ mi ò sì yẹ̀ ẹ́.

60,000 yẹn, ti ọ̀dọ́ ni, kì í ṣe tìẹ. Tó bá jẹ́ pé owó kánópì àti ẹ̀rọ amóhùngbohùn ni ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ má ná an, ẹ fi gba ọkọ̀ lọ wá àwọn tí kò wá mọ́ kiri, ẹ fi ra oúnjẹ dání. Ìyẹn ni mo fi ránṣẹ́ fún. Bí ìgbìmọ̀ bá ní àwọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, fún Màmá.

Ti Màmá tiwọn wà lọ́tọ̀, 25,000, ó ti wọ àkáǹtì wọn láàárọ̀ yìí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni o, bá wọn rà á fúnra ẹ kí o fún wọn ní páálí ẹ̀ lọ́wọ́. Má jẹ́ kí wọ́n gbé e fún obìnrin tó ń kó owó aṣọ ẹgbẹ́ ìkórè jọ, wọ́n á ní ọjọ́ ṣì pọ̀, wọ́n á ní oògùn ti àná ṣì kù. Mo mọ̀ wọ́n.

Èmi ni,
Bọ́lá