Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n tó bá mi rìn lẹ́yìn

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni àlejò onífìlà pupa láti Ìbàdàn, tó bá yín sáré ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé ọjọ́ kìíní. Ọkọ̀ tó ń dúró dè mí ní Kútọ̀ kò jẹ́ kí n béèrè orúkọ yín. Ó ń dùn mí títí di òní.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ló gbé mi wá. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọníyà, mo sọ̀ ní Láderìn, láti ìgbà náà, bí mi ò bá sí ní òtẹ́ẹ̀lì, mo wà nípàdé. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi sọ pé àwọn sárésáré kan máa ń pàdé nídìí pápá ìṣeré Kútọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, inú mi dùn gan-an. Kìlómítà 24 ni wọ́n ní a máa sá. Mo ti sá tó bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ orí títì ni.

A kọjá Ìtòkú nígbà tí àwọn aláàdìrẹ ò tíì ṣí ìsọ̀, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Láfẹ́nwá, a gba orí afárá kọjá odò Ògùn. Èmi wà níwájú pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀yin wà lẹ́yìn pátápátá, ẹ ń kí ìyá tó ń gbálẹ̀, ẹ ń kí ọlọ́kadà, àwọn náà ń dáhùn pé, "Ẹ kú ìdárayá o!"

Ìgbà tí a yà kúrò lọ́nà Ayétòrò wọ inú oko ni ojú mi là. Òkúta sá pamọ́ sábẹ́ ewé, gbòǹgbò ń kọ́ni lẹ́sẹ̀. Béèyàn bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, itan ló ń dá gbogbo ara dúró, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Níbi tó tó kìlómítà 15, iṣan ẹsẹ̀ mi dì, mo jókòó. Mi ò gbúròó àwọn tó wà níwájú mọ́. Mi ò mọ ọ̀nà, kò sí nẹ́tíwọ̀kì, ẹ̀rù bà mí.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn yín: "Àbúrò, má dìde."

Ẹ̀yin tí ẹ fi bí ogún ọdún jù mí lọ, ẹ kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ mi, ẹ ń fọwọ́ ra á. Ẹ yọ omi ìgò yín fún mi. Ẹ ní ohun tí ìyá yín máa ń pò fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru náà ni: omi ìgò mínírà méjì, kóró ṣúgà márùn-ún, ṣíbí kékeré iyọ̀ kan. "Iyọ̀ tí òógùn bá gbé lọ, omi lásán ò lè dá a padà."

A wá ń rìn. A dé orí àpáta kan tí wọ́n sá láfún sí, funfun gbòò, ẹ ní kí n gba etí rẹ̀, kí erùpẹ̀ bàtà má ta sí oúnjẹ ẹlẹ́ni. Ibẹ̀ lẹ ti sọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Ẹ ní gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830. Ẹ wá bi mí pé, ta ni mo rò pé ó ń bá àwọn arúgbó rìn lẹ́yìn? Mi ò lè dáhùn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti sá ìje kìlómítà 42 Èkó parí. Mo ti rò pé agbára yín ló mọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Ẹ̀yìn lèmi náà ń wà báyìí tí a bá ń sáré ní Ìbàdàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, omijé lójú. Mo gbé omi oníyọ̀ fún un. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kan ní Abẹ́òkúta ni. Ó ní, "Kí lorúkọ wọn?"

Mò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mi ò ní wà níwájú. Bí ẹ bá dé Kútọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ ó rí fìlà pupa.

Àbúrò yín láti Ìbàdàn