"Sorry" tó o ń gbé mì

Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná, mo sì tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. O ní obìnrin tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Toronto da tíì gbígbóná sí ara rẹ̀ lọ́wọ́, o ní "sorry", ló bá bi ọ́ pé kí lo ṣe tó o fi ń tọrọ àforíjì. O ní láti ọjọ́ náà lo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí n ti la eléyìí yé ọmọ tèmi kó o tó wọ bàálù.

O ò ṣì í sọ. Sārig làwọn Òyìnbó àtijọ́ ń pè é, inú sār ló sì ti wá, ìyẹn ìrora tàbí egbò. Ẹni tí nǹkan ń dùn lọ́kàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun àti "sorrow" jọ wá láti orísun kan náà ni. Rárá o, ìró wọn ló jọra. Ìkẹ́dùn ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àforíjì wọlé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Arákàlẹ̀, ìyá kan tó ru tòmátì yọ̀ ṣubú. Tòmátì ń yí lọ sínú gọ́tà. Gbogbo wa figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ táì ní "Sọ́rí ma," ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá a ṣa á. Kò sẹ́ni tó tì í nínú wa. Kò sì sẹ́ni tó bi wá pé kí la ṣe.

Àwa ní pẹ̀lẹ́ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, ẹ kú ará fẹ́ra kù fún ọlọ́fọ̀ọ̀, jọ̀ọ́ má bínú fún ẹni tá a ṣẹ̀. Òyìnbó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo. Bí wọn ò bá gbọ́ ohun tó o sọ, "Sorry?" náà ni, wọ́n á kàn gbé ohùn sókè. Ṣùgbọ́n "a sorry excuse," àwáwí tí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ẹ̀gàn nìyẹn, má fi kan ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, má gbé e mì mọ́. Fi nǹkan tì í lẹ́yìn ni. "I'm sorry you got burnt. Let me see it." Kò ní sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè ẹ̀bi. Bó bá sì jẹ́ ìwọ lo da tíì náà, sọ ọ́ pé ìwọ ni. Má bẹ̀rù kọ́ọ̀tù: ní 2009, Ontario, ìpínlẹ̀ tí Toronto wà, ṣòfin pé nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, àforíjì téèyàn tọrọ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó gbà pé òun jẹ̀bi.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Tó o bá débi iṣẹ́ lọ́la, bá mi bi obìnrin yẹn bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti ń jinná.

Èmi ni bàbá rẹ.