Nípa mímú ọmọ kékeré wọ inú ihò àpáta

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn òbí tó fẹ́ mú ọmọ kékeré wọ inú ihò àpáta fún ìgbà àkọ́kọ́. Òtútù ni mo bẹ̀rù jù, nítorí pé ooru ara ọmọdé a máa tètè lọ ju ti àgbà, pàápàá bí aṣọ rẹ̀ bá ti rin. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin kò ráhùn rárá. Ìka ọwọ́ rẹ̀ tó tutù rinrin nínú àtẹ́lẹwọ́ mi ni ó jẹ́ kí n tètè yíjú padà. Kí akoto rẹ̀ ṣe rẹ́gí, kí iná tọ́ọ̀ṣì sì ju ẹyọ kan lọ. Bí òjò bá ṣú, ẹ má wọlé, torí omi lè kún ibẹ̀ lójijì.

Èmi ni òǹkàwé yín.