Kọ́ńtíráàtì ti parí, ṣé ẹjọ́ náà ti parí?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn tí kọ́ńtíráàtì wọn parí tí ọ̀gá ò fún wọn ní òmíràn mọ́ ni mo bá wá, torí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Àbúrò mi ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún níbì kan, ọdọọdún ni wọ́n ń gbé kọ́ńtíráàtì tuntun fún un, ó sì ń sáìnì ẹ̀ láì kà á torí ohun kan náà ló máa ń wà níbẹ̀, lọ́dún tó kẹ́yìn máníjà ẹ̀ tún ní kó fọkàn balẹ̀, tuntun ti ń bọ̀, àfi bó ṣe di ọjọ́ tó pé géérégé tí ímeèlì ìlà méjì wọlé pé ó ṣeun, kó dá kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì padà.

Gbogbo wa la sọ fún un pé kò lẹ́jọ́. Ọjọ́ ti pé, iṣẹ́ ti tán, kí ló tún kù? Èmi gan-an wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀, ojú sì ń tì mí báyìí.

Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni o: kọ́ńtíráàtì tó bá ti lọ́jọ́ ìparí, tọ́jọ́ náà bá ti pé ó ti kú nìyẹn, lọ́pọ̀ ibi ọ̀gá ò sì jẹ yín ní àlàyé kankan. Ṣùgbọ́n òfin náà ti rí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tó wà nídìí ẹ̀, kí wọ́n máa fi kọ́ńtíráàtì kéékèèké yí òṣìṣẹ́ po kó má bàa ní ẹ̀tọ́ kankan láéláé. Láti 1982 ni ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, ti kọ ọ́ sínú àdéhùn 158 pé káwọn ìjọba dí ihò yẹn. Ní Gúúsù Áfíríkà, tó bá jẹ́ ohun tí ọ̀gá sọ tàbí tó ṣe ló jẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa retí kọ́ńtíráàtì tuntun, tí ò wá fún un, òfin ní ó lé e níṣẹ́ ni. Ní UK, ẹni tó ti ń gba kọ́ńtíráàtì lé kọ́ńtíráàtì fún ọdún 4 ti di òṣìṣẹ́ gidi tí iṣẹ́ ẹ̀ ò lọ́jọ́ ìparí, àyàfi tí ọ̀gá bá ní ìdí tó múná dóko. Jámánì ní tiẹ̀, tí ò bá sí ìdí pàtó, ọdún 2 ni òpin ẹ̀, wọn ò sì lè tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ẹ̀. Tó bá wá jẹ́ tìtorí oyún ni wọ́n ṣe kọ̀, ilé ẹjọ́ Yúróòpù ti sọ ní 2001 pé ẹ̀tanú ni.

Ẹ wò ó, "fọkàn balẹ̀" tí máníjà sọ yẹn, ọ̀rọ̀ ńlá ni níwájú adájọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kó bọ́ sórí WhatsApp tàbí ímeèlì, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀ sílé, kì í ṣe sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá sì gbé ìwé "wọn ò jẹ mí ní gbèsè kankan mọ́" síwájú yín, ẹ má sáìnì níbẹ̀, ẹ fi han lọ́yà tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ná.

Àsìkò ló ń dùn mí jù. Gúúsù Áfíríkà, ọjọ́ 30 péré lẹ ní láti gbé e lọ sí CCMA, àjọ tó ń parí ìjà láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Jámánì, ọ̀sẹ̀ 3. Àbúrò mi fi oṣù mẹ́fà bẹ máníjà ẹ̀, "ẹ káàárọ̀ sà" lójoojúmọ́, ìyẹn náà ń dáhùn pé àwọn ṣì ń wò ó. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, déètì orí ímeèlì yẹn ni lọ́yà kọ́kọ́ wò, ló bá rọra ti fáìlì náà padà sí i.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín