Iná Kò Lè Pa Gbogbo Májèlé

Ìtòkò, Abẹ́òkúta.

Àjàní ọmọ mi,

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́, ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ létí òkun British Columbia ní Canada, pẹ̀lú garawa tó kún fún ìkarahun. Inú ìyá rẹ dùn pé kì í ṣe ìwé nìkan lò ń kà. Èmi náà kò bínú. Ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí: "Ẹ má mikàn, Bàbá, a máa bọ̀ ọ́ dáadáa."

Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe wolé-wolé, ohun tí mò ń sọ fún àwọn ìyá tó ń ta ìṣáwùrú àti akàn ní Láfẹ́nwá náà nìyẹn: ẹ jẹ́ kó hó. Mo ṣì dúró lórí rẹ̀, torí iná ń pa kòkòrò àrùn, ó ń pa aràn inú akàn odò. Ṣùgbọ́n ohun tó lè wà nínú mussel àti clam, àwọn ẹran inú ìkarahun létí òkun yín, kì í ṣe kòkòrò. Májèlé ni, saxitoxin ni wọ́n ń pè é. Bọ̀ ọ́, sun ún, dín in, ó ṣì wà níbẹ̀.

Mussel kì í rìn lọ wá oúnjẹ. Omi ló ń fà sínú, tó ń sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, èyí tó bá sì kù lórí aṣọ ló ń jẹ. Bí àwọn ewé omi tín-ín-tín kan tí ojú lásán kò rí bá pọ̀ lójú òkun, pàápàá nígbà ooru, májèlé wọn á kó sí i lára. Kò ní pa á, kò ní rùn, kò ní yí adùn rẹ̀ padà. Àwọn kan á ní omi á pọ́n kó tó léwu. Irọ́ ni, omi tó mọ́ gaara lè ní in. Mussel lè fọ̀ ọ́ kúrò lára láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n butter clam, irú clam kan, lè gbé e sára tó ọdún 2.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1793, àwọn atukọ̀ Captain George Vancouver, ọ̀gá ọkọ̀ òkun ará Gẹ̀ẹ́sì, sun mussel jẹ láàárọ̀ ní etíkun yín yẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀kan nínú wọn, John Carter, ti kú. Poison Cove, ìyẹn Kọ̀rọ̀ Omi Májèlé, ni wọ́n sọ ibẹ̀, orúkọ náà wà lórí máàpù dòní.

Nítorí náà, kí o tó mú garawa, lọ wo máàpù iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹja pípa, Fisheries and Oceans Canada, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, kó o mọ ibi tí wọ́n ṣí fún kíkó ìkarahun. Ibi tí wọ́n bá tì, má fọwọ́ kàn án. Gba láísẹ́ńsì tí wọ́n fi ń kó o. Wo àkókò tí omi ń fà àti èyí tó ń kún, kó má bàa ká yín mọ́ ẹ̀yìn àpáta.

Bí wọ́n bá ṣí ibẹ̀, sísè kò le. Gbá ìkarahun tó bá lanu kó o tó sè é. Bí kò bá padé, sọ ọ́ nù. Èyí tí kò bá lanu lẹ́yìn sísè, sọ òun náà nù. Má jẹ oyster, ẹran inú ìkarahun mìíràn, ní tútù, pàápàá nígbà ooru. Ní ti akàn, ẹran rẹ̀ ni kó o jẹ. Mo mọ̀ pé ohun inú rẹ̀ lo fẹ́ràn jù, àmọ́ ibẹ̀ ni májèlé ń sá pamọ́ sí, gbàgbé rẹ̀.

Bí ètè àti ahọ́n ẹnì kan nínú yín bá bẹ̀rẹ̀ sí kú lẹ́yìn oúnjẹ, tí ìka náà tẹ̀lé e, ẹ pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Má wá epo pupa mu. Kò sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn mí nílé ìwòsàn ló ń gbà á là títí májèlé á fi jáde.

Ìyá rẹ ti di láfún tí o béèrè. Sọ àdírẹ́sì ilé rẹ tuntun fún un.

Èmi ni bàbá rẹ.