Bùkì, bá mi lọ wo Rosalia

Bùkì mi,

Báwo ni Houston, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ooru yẹn ò tíì sè yín jinná? Palermo ní Ítálì níbí náà ń gbóná, July ti dé, gbogbo ìlú ti ń múra Festino, ọdún Santa Rosalia. O bi mí lọ́jọ́sí pé ta ni obìnrin onírun gígùn tó wà lẹ́yìn mi nínú fọ́tò yẹn, òun náà nìyẹn o. Òun ni ẹni mímọ́ tó ń dáàbò bo ìlú yìí, kò sì síbi tí àwòrán ẹ̀ ò sí, ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀bù alápatà, iwájú mọ́tò, gbogbo ẹ̀ ṣá.

O mọ̀ pé ọmọ CAC ni mí, èmi àti àwòrán ẹni mímọ́ ò jọ rìn rí, àmọ́ ìtàn eléyìí wọ̀ mí lára. Wọ́n ní ọmọ ọlọ́lá ni, ó fi ilé sílẹ̀ lọ dá gbé nínú ihò àpáta lórí òkè Monte Pellegrino lẹ́bàá ìlú, ibẹ̀ ló sì kú sí ní nǹkan bí 1166. Kò sẹ́ni tó mọ bójú ẹ̀ ṣe rí. Obìnrin mẹ́rin míì ni ìlú ń ké pè nígbà yẹn, Agata, Cristina, Ninfa àti Oliva, ère wọn ṣì dúró ní Quattro Canti, oríta kan láàárín ìlú, tálákà ti gbàgbé wọn.

Ní 1624, àjàkálẹ̀ àrùn bá ọkọ̀ ojú omi tó ti Tunis wá wọlé, èèyàn ń kú bí nǹkan míì, àní ajẹ́lẹ̀ ọba Sípéènì gan-an kú. Ní 15 July wọ́n wú egungun kan nínú ihò àpáta yẹn, wọ́n ní ti Rosalia ni. Ayàwòrán kan sì wà nílùú tó ń jẹ́ Anthony van Dyck, ọmọ Antwerp ní Belgium, ọmọ ọdún 25, ajẹ́lẹ̀ yẹn ló wá yà, ni àrùn bá ká a mọ́bẹ̀. Òun ló wá ya Rosalia lóríṣiríṣi. Ó fún un ní irun gígùn aláwọ̀ wúrà (irun àwọn ọmọge ìlú tiẹ̀, àbí kí ni?), ó fi róòsì sí i, ó fi agbárí òkú sí i, áńgẹ́lì kéékèèké yí i ká, ó wá wọ aṣọ búráùn àwọn fáàdá Franciscan fún un. Bùkì, wọn ò tíì bí Francis tó dá ẹgbẹ́ àwọn fáàdá yẹn sílẹ̀ gan-an nígbà tí Rosalia kú o! Kò kàn wọ́n. Ojú tí àlejò yà yẹn ni wọ́n ń yà títí dòní.

Èyí tó wà ní Met, mùsíọ́ọ̀mù ńlá ní New York, tí wọ́n rà ní 1871, wọ́n fi X-ray wò ó, ojú Van Dyck fúnra ẹ̀ ni wọ́n bá lábẹ́ ọ̀dà, ó ti ń ya ara ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó ya Rosalia lé e lórí. Èmi rò pé ẹ̀rù ń bà á.

Èyí tó tún wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n fi èèyàn dúdú kún àwọn tó ń dáàbò bo ìlú, Benedetto il Moro. Ẹrú láti Áfíríkà làwọn òbí ẹ̀, kò mọ̀wé kà, ó dáná fáwọn fáàdá títí wọ́n fi fi í jọ̀gá lórí ara wọn, 1589 ló kú. Tòun, wọ́n rí i lójú, kò sẹ́ni tó lè fún un nírun wúrà. Àwọn aláwọ̀ dúdú Brazil náà gbé e gẹ̀gẹ̀, São Benedito ni wọ́n ń pè é. Ní Ballarò níbi tí mo ti ń ra ata, ayàwòrán kan, Igor Scalisi Palminteri, yà á gàgàrà sára ògiri ilé, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ ẹ̀. Tèmi nìyẹn jàre, àmọ́ Rosalia ló ni ọdún ńlá.

Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo rẹpẹtẹ yìí ni pé ọ̀kan nínú àwọn Rosalia tí Van Dyck yà wà ní Houston yín níbẹ̀, ní mùsíọ́ọ̀mù Menil Collection, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé, má sọ fún mi pé o ò ráyè. Tí wọ́n bá gbé e síta, wo ojú ẹ̀ dáadáa kó o wá sọ fún mi bóyá ó jọ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lóhùn, torí fọ́tò orí fóònù ò jẹ́ kí n mọ̀. Kí bàbá àwọn ọmọ fún mi.

Èmi ni,
Dúpẹ́