Lẹ́tà sí Ṣadé láti Uyuni

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo bá ọ yọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù tuntun. Ìyábọ̀ ti bí, obìnrin ni. Owó àjọ mi ti oṣù yìí ti wọlé, má pariwo lé mi lórí mọ́.

Bolivia la wà, nílùú Uyuni, ọjọ́ kẹta rèé tá a ti ń tò fún epo mọ́tò. Èmi tí mo rò pé mo ti fi ìlà epo sílẹ̀ ní Mọ́kọ́lá! Àwọn onítírélà ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, àwọn ìyá ń ta ọbẹ̀ gbígbóná fún wọn, ẹnì kan sì ti fọgbọ́n pe Akin sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé òun mọ ẹni tó ní kẹ́ẹ̀gì méjì nílé.

La Paz la ti gbéra. Ìlú yẹn ga tó 3,600 mítà, El Alto tí bàálù ti já wa sílẹ̀ sì ju 4,000 lọ. Láti pápákọ̀ ni èémí Akin ti ń gé. Soroche ni wọ́n ń pe àìsàn òkè yẹn, tíì ewé koka, ewé tí wọ́n ń yọ kokéènì lára rẹ̀, ni wọ́n sì fi ń gbà á. (Má sọ fún pásítọ̀. Gbangba ọjà ni wọ́n ti ń ta ewé náà.) Akin ní ara òun le. Ìwọ náà ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ní Ìdànrè.

Obìnrin kan rí wa lọ́jà, ló bá já ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèékánná lápá, ó ní "suerte!" Wọ́n gbà pé tèèyàn bá rí aláwọ̀ dúdú, oríire ń bọ̀. Mo ní ká máa gbowó lórí ẹ̀. Akin rẹ́rìn-ín títí èémí rẹ̀ fi tún gé.

Ìgbà tá a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Tocaña, ní Yungas, ló tó rí ara rẹ̀. Èèyàn dúdú ló ń gbé ibẹ̀, ọmọ àwọn tí àwọn Sípáníṣì kó wá sórí iṣẹ́ fàdákà Potosí láyé ọjọ́un. Wọ́n lu ìlù saya, Akin jó, ó jẹun, inú mi dùn. Àṣé ìsinmi ráńpẹ́ ni.

Ṣadé, pápá iyọ̀ Uyuni yìí! Iyọ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ, ó ju kìlómítà onígun mẹ́rin 10,000 lọ. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀, òkè Tunupa làwọn awakọ̀ ń wò. Láàárín rẹ̀ ni erékùṣù Incahuasi wà, ọrọ́ ibẹ̀ ga ju ilé lọ. A gùn ún dé ìdajì, Akin jókòó, kò lè dìde. Ètè rẹ̀ wá dà bíi ti ọmọ iléèwé tó fẹnu fa yíǹkì.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi nǹkan kan tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ há a níka, ó ń ka 77, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Dókítà béèrè bóyá àrùn ọkàn wà nínú ìdílé. Kíá ló ní rárá. Mo wò ó, mo wolẹ̀.

Ṣé o rántí ohun tí wọ́n sọ nígbà tí Bàbá Akin kú? "Wọ́n sùn, wọn ò jí." Kò sẹ́ni tó tún sọ nǹkan míì títí dòní. Bẹ́ẹ̀, wọn ò tíì pé àádọ́ta ọdún.

Ní báyìí, adágún Laguna Colorada ló kù tí Akin fẹ́ lọ wo ẹyẹ, kó tún gba ibẹ̀ dé Sol de Mañana, níbi tí èéfín gbígbóná ti ń tú jáde nínú ilẹ̀, tó ga tó nǹkan bíi 5,000 mítà. Sucre lèmi ń pè, ó lọ sílẹ̀ dáadáa, àmọ́ Potosí la máa gbà débẹ̀, ìyẹn náà ju 4,000 lọ. Ibi tí mo kọjú sí, òkè ni.

Jọ̀ọ́, bá mi lọ kí Màmá ní Iléṣà. Manchester ni wọ́n mọ̀ pé a wà, jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ra èso dání, jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn mẹ́nu ba Bàbá. Tí wọ́n bá dé ibi ikú náà, kàn bi wọ́n bóyá àyà ń dun Bàbá kó tó dọjọ́ yẹn. Má ṣe bí ọlọ́pàá. Mo pè wọ́n lánàá, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà la sọ títí káàdì fi tán.

Wọ́n ní epo máa dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Jẹ́ kí n gbọ́ kó tó dìgbà yẹn. Ohùn ni kó o fi ránṣẹ́, má kọ ọ́: fóònù mi ni Akin fi ń wo ọ̀nà, kò sì lè gbọ́ ohùn rẹ tó máa ń gùn bí ìwàásù.

Ó ti jí. Ó ń wá bàtà.

Èmi ni,
Mọrẹ́nikẹ́